Dókítà Eyín Wá Bàbá Fún Owó Róòmù

Ọkùnrin tí mo fẹ́ sọ̀rọ̀ rẹ̀ yìí ló fúnra rẹ̀ ní kí n sọ ọ́ fáyé gbọ́. Ó ní kí n má bo òun láṣìírí, àfi orúkọ òun nìkan. Mo ti bo orúkọ. Ìyókù rèé, ẹ̀yin òǹkàwé tí ẹ máa ń sọ pé irọ́ kékeré kì í pa ènìyàn. Ẹ sún mọ́ mi, ẹ gbọ́.

Dókítà eyín ni. Ó ń yọ eyín, ó ń dí ihò eyín, ó ń bá àwọn ọmọdé jìjàkadì lórí àga. Kì í mutí, kì í tẹ̀lé obìnrin, kì í ta tẹ́tẹ́. Àìsàn kan ṣoṣo tó ń ṣe é ni owó àtijọ́. Bí àwọn kan ṣe ń kó bàtà jọ, bẹ́ẹ̀ ni Dókítà ń kó owó àwọn ará Róòmù jọ, àwọn owó fàdákà wẹ́wẹ́ tí àwọn ọba tó ti kú láti ìgbà láéláé ya orí ara wọn sí.

Ìyàwó rẹ̀, olùkọ́ ilé-ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀, kò rí ohun tó dùn níbẹ̀.

"Owó tí kò lè ra búrẹ́dì," ló máa ń wí. "Dókítà, owó wo nìyẹn?"

Ṣùgbọ́n àwọn kan wà tí wọ́n rí adùn rẹ̀. Wọ́n ń pe ara wọn ní Ẹgbẹ́ Olówó Àtijọ́, yàrá òkè ilé-ìkàwé ìlú ni wọ́n sì ti ń pàdé. Ẹ má jẹ́ kí orúkọ yẹn tàn yín jẹ o. Ọ̀pọ̀ nínú wọn, owó àtijọ́ yẹn nìkan náà ni wọ́n ní.

Adájọ́ kan tó ti fẹ̀yìn tì ni alága wọn. Ó ti fi ilé ẹjọ́ sílẹ̀, ṣùgbọ́n ilé ẹjọ́ kò tíì fi òun sílẹ̀. Bí ẹnikẹ́ni bá wúkọ́ nígbà tó ń sọ̀rọ̀, á dákẹ́, á wo onítọ̀hún títí onítọ̀hún á fi tọrọ àforíjì.

Nínú ẹgbẹ́ yìí, wọn kì í kọ́kọ́ béèrè bóyá owó rẹ dára. Ohun tí wọ́n máa ń béèrè ni pé, "Ọmọ ta ni?"

Ìdí tí wọ́n fi ń béèrè kò burú. Àwọn olè ń hú ilẹ̀ àwọn ará àtijọ́, wọ́n ń kó ohun tí wọ́n bá bá níbẹ̀ tà, òfin sì ti ka irú òwò bẹ́ẹ̀ léèwọ̀. Nítorí náà, bí o bá gbé owó kan wá, dandan ni kí o dìde, kí o ka ìran rẹ̀: ọwọ́ ẹni báyìí ni mo ti gbà á, òun gbà á lọ́wọ́ lágbájá, lágbájá jogún rẹ̀ lọ́dọ̀ tẹ̀mẹ̀dù, títí tí o fi máa dé ìgbà tí òfin kò tíì sí. Adájọ́ a máa sọ pé owó tí kò mọ bàbá rẹ̀ kò gbọdọ̀ bá àwọn jókòó.

Àwọn ọkùnrin wà níbẹ̀ tí wọn kò mọ orúkọ bàbá bàbá wọn. Ṣùgbọ́n tí ẹ bá ní kí wọ́n ka ìran owó kan, wọ́n á kà á dé ìran keje láìmí.

Lọ́dọọdún, ẹgbẹ́ a máa ṣe àfihàn nínú gbọ̀ngàn ìsàlẹ̀. Àpótí onígíláàsì kan wà láàárín gbọ̀ngàn, tí iná kékeré ń tàn sí. Owó kan ṣoṣo ni wọ́n máa ń fi síbẹ̀, wọ́n á sì fín orúkọ olówó náà sára idẹ. Ẹ̀bá ilẹ̀kùn ilé ìtọ̀ ni wọ́n máa ń to ti Dókítà sí. Àwọn tó ń wo owó rẹ̀, àwọn tó ń dúró de ẹni tó wà nínú ilé ìtọ̀ ni.

Ohun tó ń dun Dókítà nìyẹn. Àgbàlagbà ọkùnrin, oníṣẹ́ gidi, ó ń dùn ún dé egungun.

*

Ọ̀sán ọjọ́ kan ló yà sí ṣọ́ọ̀bù ọkùnrin kan tó ń ta aago àlòkù. Ọkùnrin náà wo ọ̀tún, ó wo òsì, ó sì yọ nǹkan kan jáde nínú àpò ṣòkòtò rẹ̀.

Owó fàdákà ni. Kò ju èékánná àtàǹpàkò lọ. Orí ọba kan wà lára rẹ̀, onímú gbọ̀ọ̀rọ̀, ọrùn rẹ̀ nípọn bíi ti ẹni tí ebi kò pa rí. Lẹ́yìn rẹ̀, obìnrin kan dúró tó gbé òṣùwọ̀n dání. Gbogbo irun ọba náà pé, o lè kà á.

"Níbo lẹ ti rí i?" Dókítà béèrè.

Oníṣòwò náà rẹ́rìn-ín. "Dókítà, tí aláìsàn bá gbé ẹnu wá bá yín, ṣé ẹ máa ń bi í pé níbo ló ti rí eyín?"

"Mo fẹ́ mọ ẹni tó tà á fún yín ni."

"Ẹni tó tà á kò sọ. Èmi náà ò béèrè. Ẹ̀yin náà, ẹ má béèrè, ká lè jọ máa gbé ní àlàáfíà."

Dókítà kò béèrè mọ́, ó sanwó, ó sì mú un lọ síbi iṣẹ́ rẹ̀.

Nígbà tí aláìsàn ìkẹyìn lọ tán, ó ti ilẹ̀kùn, ó jókòó sídìí iná tó fi ń wo ẹnu, ó mú irin ṣónṣó tó fi ń họ eyín. Ó rọra ń họ etí ọba náà. Iyẹ̀pẹ̀ dúdú jáde, ó tutù, ó ń rùn bí ilẹ̀ tí òjò ṣẹ̀ṣẹ̀ pa. Kì í ṣe ìdọ̀tí inú dúrọ́ọ̀. Ilẹ̀ ni, ilẹ̀ tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ hú.

Ó fi òwú nù ún. Ó wo òwú náà fún ìgbà díẹ̀. Lẹ́yìn náà ó jù ú sínú garawa pẹ̀lú àwọn òwú tí ẹ̀jẹ̀ eyín wà lára wọn, ó fọwọ́, ó lọ sílé.

*

Ní ìpàdé ẹgbẹ́, Adájọ́ fi awò tó ń sọ nǹkan di ńlá wò ó. Ó wò ó títí. Ó sì mí kanlẹ̀.

"Dókítà," ló wí, "ọmọ ta ni?"

Ọkùnrin yìí búra fún mi pé òótọ́ ti dé orí ahọ́n òun. Ó ní òun ti la ẹnu. Ṣùgbọ́n ó rí àwọn tó kù tí wọ́n na ọrùn láti wo owó òun, àwọn tí kì í wo ti òun tẹ́lẹ̀, ó sì rántí ẹ̀bá ilé ìtọ̀.

"Ti bàbá ìyàwó mi ni," ló wí.

"Bàbá ìyàwó yín?"

"Olóògbé. Ọkọ̀ ojú omi ló bá ṣiṣẹ́. Ọ̀gákọ̀ kan ló fún un, torí pé ó gbà á là lọ́jọ́ tí ìjì jà."

Ìjì yẹn, Dókítà fúnra rẹ̀ kò mọ ibi tó ti fẹ́ wá.

"Báwo ló ṣe wá dé ọwọ́ yín?"

"Nígbà tó kù díẹ̀ kó kú. Mo lọ kí i ní ọsibítù. Ó ní kí n sún mọ́ òun. Ó fi owó náà sí mi lọ́wọ́, ó pa ọwọ́ mi dé."

Adájọ́, tó ti rán ọ̀pọ̀ ènìyàn lọ sẹ́wọ̀n láìṣẹ́jú, yọ áńkáṣíìfù, ó nu ojú. "Àárín gbọ̀ngàn," ló wí. "Láìsí àríyànjiyàn."

Àwọn àgbà ní ẹnu àìmẹ́nu, ètè àìmétè, ní ń mú ọ̀ràn bá ẹ̀rẹ̀kẹ́. Ẹ̀yin ẹ wò ó, ta ló mọ ẹ̀rẹ̀kẹ́ tó dókítà eyín?

Ẹ jẹ́ kí n sọ bí bàbá ìyàwó rẹ̀ ṣe rí gan-an. Bàbá náà ṣiṣẹ́ nínú ọkọ̀ ojú omi lóòótọ́, ìdí rédíò tí ọkọ̀ fi ń bá èbúté sọ̀rọ̀ ló ń jókòó sí. Kò gba ẹnikẹ́ni là lọ́wọ́ ìjì. Ó sì kórìíra Dókítà. Nígbà tí ọmọ rẹ̀ mú un wá sílé, bàbá wò ó láti òkè dé ilẹ̀, ó ní, "Ẹni tó ń ti ọwọ́ bọ ẹnu ẹlẹ́nu kó tó jẹun kò ní fẹ́ ọmọ mi." Kò wá síbi ìgbéyàwó. Kò gba ọmọ náà láyè kó wọ ilé òun mọ́. Títí bàbá fi kú, kò dárí ji ọmọ rẹ̀, ọmọ náà kò sì gbàgbé. Ó fi fọ́tò bàbá sí ìsàlẹ̀ aṣọ nínú àpótí, kò sì sẹ́ni tó gbọdọ̀ dárúkọ rẹ̀ nínú ilé.

Òótọ́ ni pé Dókítà lọ kí bàbá ní ọsibítù lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo. Ògiri ni bàbá kọjú sí.

*

Dókítà kò tíì délé nígbà tí Adájọ́ ti tẹ ìyàwó rẹ̀ láago láti bá a yọ̀ nítorí irú bàbá tó bí i.

Nígbà tí Dókítà wọlé, ìdúró ló bá obìnrin náà láàárín pálọ̀. Fóònù ṣì wà lọ́wọ́ rẹ̀.

"Dókítà, ṣé òótọ́ ni?"

"Kí ni?"

"Pé bàbá mi bá yín sọ̀rọ̀. Pé bàbá mi fún yín ní nǹkan."

Ọ̀nà ṣì wà tó lè gbà jáde níbí. Ó kàn nílò kó sọ pé, "Ìyàwó mi, mo purọ́ fún àwọn arúgbó yẹn ni." Á bínú sí i, á pè é ní ọmọdé, wọ́n á jẹun. Ṣùgbọ́n ó wo ojú rẹ̀. Ó ní láti ọjọ́ tí òun ti fẹ́ ẹ, òun kò rí irú ojú yẹn lára rẹ̀ rí. Ojú ọmọdé tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ pè wọlé láti ìta ni.

"Òótọ́ ni," ló wí.

"Kí ló dé tí ẹ kò sọ fún mi láti ìgbà yìí?"

"Ó ní kí n má tíì sọ. Ojú ń tì í."

"Kí ló tún sọ?"

"Ó ní òun ti dárí jì wá."

Obìnrin náà jókòó sílẹ̀, lórí ilẹ̀ lásán. Ó sunkún, kì í ṣe ẹkún ìbànújẹ́. Dókítà jókòó tì í, ó ń fọwọ́ pa á lẹ́yìn. Ẹ ò ní gbàgbọ́, inú òun náà dùn. Ó ń sọ nínú ọkàn rẹ̀ pé, ta ni irọ́ yìí wá ṣe ní ibi báyìí?

Bó ti ń mọ́ lọ́jọ́ kejì, fọ́tò bàbá ti kúrò nínú àpótí. Ó ti wà lórí ògiri pálọ̀, nínú férémù tuntun. Bàbá ń wo Dókítà bó ṣe ń jẹun. Ó ní òun kò jẹ búrẹ́dì kan kó dùn lẹ́nu òun mọ́ láti ọjọ́ náà.

Èyí tó wá bà á lẹ́rù jù ni pé ìyàwó rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í rántí nǹkan.

"Dókítà, mo rántí o! Nígbà tí mo wà ní kékeré, nǹkan kan máa ń dán lọ́wọ́ bàbá. Ó máa ń fi í pamọ́ tí mo bá wọlé. Òun nìyẹn!"

"Ó lè jẹ́ òun," Dókítà wí, ó sì gbé omi mu.

Kí ọ̀rọ̀ tó dé ọ̀dọ̀ ẹni tó ń fín idẹ, bàbá tó ń gbọ́ rédíò ti di ọ̀gákọ̀ fúnra rẹ̀, ìjì ti di méjì, ọba Róòmù sì ti fẹ́ di mọ̀lẹ́bí.

*

Inú ayọ̀ ni obìnrin náà wà tó fi tẹ ẹ̀gbọ́n rẹ̀ láago. Aránṣọ ni ẹ̀gbọ́n rẹ̀ yìí. Òun ló bá bàbá gbé títí bàbá fi kú. Láti ọjọ́ ìsìnkú, àwọn méjèèjì kì í bára wọn sọ̀rọ̀ ju ẹ-kú-ọdún lọ.

"Bàbá dárí jì mí, Ẹ̀gbọ́n mi," ó wí. "Ó tiẹ̀ fún ọkọ mi ní owó fàdákà àtijọ́. Wọ́n máa fi hàn ní gbọ̀ngàn."

Ẹ̀gbọ́n kò bá a yọ̀. Ó kàn béèrè ọjọ́.

Lọ́jọ́ àfihàn, Dókítà wọ aṣọ tó dára jù. Àwọn ènìyàn yí àpótí àárín ká. Adájọ́ ń sọ̀rọ̀ lórí ọ̀gákọ̀ onígboyà tí kò gbé ayé yìí rí, ìyàwó Dókítà sì dúró níwájú, ó ń rẹ́rìn-ín, omi wà lójú rẹ̀. Ìgbà yẹn gan-an ni Ẹ̀gbọ́n wọlé, téèpù ìwọnṣọ ṣì wà lọ́rùn rẹ̀. Ó la àwọn ènìyàn kọjá, ó tẹ imú mọ́ gíláàsì.

"Èyí ni?" ó béèrè.

"Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ káàbọ̀," Dókítà wí.

"Ṣí i. Kí wọ́n gbé e fún mi."

"Ẹ̀gbọ́n..."

"Ta ló ń wẹ bàbá? Èmi. Ta ló ń gé èékánná rẹ̀? Èmi. Ta ló ń fetí sí àwàdà rẹ̀ tí kò pani lẹ́rìn-ín? Èmi náà ni! Ìgbà tó wá fẹ́ fún ènìyàn ní nǹkan, ó wá lọ fún ẹni tó ní òun ò fẹ́ rí sójú!" Ó fi ọwọ́ gbá gíláàsì náà. "Ohun ìní bàbá wa ni. Àwa ọmọ rẹ̀ ló ni ín."

Adájọ́ kò rí irú adùn báyìí láti ọjọ́ tó ti fẹ̀yìn tì. Ó ní kí wọ́n yọ owó náà, kí gbogbo àwọn tí ọ̀rọ̀ kàn tẹ̀lé òun. Wọ́n wọ yàrá kan tí wọ́n ń to àga sí lórí ara wọn. Ó fa àga kan jáde, ó jókòó, ó gbé owó náà sórí orúnkún.

"Ẹ̀yin ìyá aránṣọ, ṣé ẹ rí owó yìí rí kó tó di òní?"

"Ìbéèrè wo nìyẹn? Inú páálí tí bàbá ń kó abẹ ìfárí sí ló ń wà. Mo ti fọwọ́ kàn án àìmọye ìgbà. Orí ọba kan ló wà lára rẹ̀, onímú gbọ̀ọ̀rọ̀."

Dókítà la ẹnu sílẹ̀. Ìṣẹ́jú tó kọjá ni Ẹ̀gbọ́n rí imú yẹn nínú gíláàsì.

"Lóòótọ́ ni," ìyàwó rẹ̀ wí. "Èmi náà rántí páálí yẹn."

Adájọ́ mi orí. Ó gbé ìdájọ́ kalẹ̀ bí ẹni pé ó ti ń dúró dè é láti àárọ̀. Ó ní ogún ni owó náà, ogún sì jẹ́ ti àwọn ọmọ. Ẹni tó tọ́jú bàbá ni kó máa gbé e lọ. Orúkọ tó wà lára idẹ á dúró síbẹ̀, ọ̀wọ̀ Dókítà nínú ẹgbẹ́ á sì wà bó ṣe wà. "Ṣé ó tẹ́ yín lọ́rùn?"

"Ó tẹ́ mi lọ́rùn," ìyàwó Dókítà wí. "Kí Ẹ̀gbọ́n mi máa mú un lọ. Ọ̀rọ̀ tí bàbá sọ ti tó mi."

Ẹ jẹ́ ká dúró níbí díẹ̀, ẹ̀yin èèyàn mi. Gbogbo nǹkan ti parí. Tí Dókítà bá pa ẹnu dé, ìyàwó rẹ̀ á lọ sílé pẹ̀lú bàbá tó dárí jì í. Ẹ̀gbọ́n á lọ sílé pẹ̀lú ogún. Adájọ́ á sùn dáadáa. Ohun kan ṣoṣo tí Dókítà máa pàdánù ni fàdákà tí kò ju èékánná lọ.

Ẹ̀gbọ́n na ọwọ́ sí owó náà. Dókítà rí irun ọba náà tó pé ṣánṣán, tó ń dán lábẹ́ iná. Ó rí i tó ń lọ sí ilé aránṣọ, tí wọ́n á jù ú sínú agolo abẹ́rẹ́.

"Ẹ dúró!" ó kígbe. "Kì í ṣe ti bàbá! Mo rà á ni!"

Gbogbo wọn yíjú sí i.

"Ọkùnrin tó ń ta aago ni mo rà á lọ́wọ́ rẹ̀. Bàbá kò fún mi ní nǹkan kan. Bàbá kò ní owó kankan. Mo purọ́ ni!"

Ẹ mọ̀ pé àwọn àgbà ní bí irọ́ bá lọ lógún ọdún, ọjọ́ kan ṣoṣo ni òtítọ́ ń bá a. Wọn ò sọ ohun tí à á ṣe tí òtítọ́ bá bá a tán, tí gbogbo ènìyàn wá ní àwọn kò mọ̀ ọ́n.

"Ẹ wo olè!" Ẹ̀gbọ́n pariwo. "Ó fẹ́ fi irọ́ gba ogún wa!"

"Dókítà, ẹ tijú," Adájọ́ wí. "Nítorí owó, ẹ sẹ́ òkú?"

"Ẹ pè é! Ẹ pe ọkùnrin náà!" Dókítà fúnra rẹ̀ tẹ fóònù. Ó ṣí ohùn rẹ̀ sókè kí gbogbo wọn lè gbọ́. "Ẹ jọ̀ọ́, ẹ sọ fún wọn, ẹ̀yin kọ́ lẹ ta owó Róòmù fún mi?"

"Owó kí ni?" ohùn ọkùnrin náà dáhùn. "Aago ni mò ń tà o. Ta ló ń sọ̀rọ̀?"

"Èmi Dókítà Eyín!"

"Mi ò ní eyín tó ń dùn mí," ó wí, ó sì gé fóònù.

Adájọ́ gbé owó náà lé Ẹ̀gbọ́n lọ́wọ́. Ìgbà yẹn ni ìyàwó Dókítà sọ̀rọ̀. Kò gbé ohùn sókè.

"Dókítà, ẹ wò mí. Bàbá mi dárí jì wá, àbí kò dárí jì wá?"

Ìgbà tó béèrè yẹn ni Dókítà tó rántí pé ìyàwó òun wà nínú yàrá náà. Ó ní òun búra, kó tó dìgbà yẹn, owó nìkan lojú òun ń rí. Ó wá rí i báyìí. Ó tún rí ojú ọmọdé yẹn, ó ń dúró lẹ́nu ọ̀nà. Ó wá ọ̀rọ̀, gbogbo ọ̀rọ̀ dídùn tó ti ń wá fúnra rẹ̀ láti ọjọ́ yìí sá lọ.

"Kò sọ bẹ́ẹ̀," ló wí.

Obìnrin náà mi orí díẹ̀díẹ̀. Ó yíjú sí Adájọ́.

"Òótọ́ ló ń sọ. Ó rà á ni."

"Ìyá, báwo lẹ ṣe mọ̀?"

"Gbogbo irọ́ ọkọ mi ló máa ń dùn-ún gbọ́, sà. Èyí kò dùn rárá."

Adájọ́ wo Ẹ̀gbọ́n. "Ẹ̀yin tí ẹ ní ẹ fọwọ́ kàn án ńkọ́?"

Ẹ̀gbọ́n wo owó ọwọ́ rẹ̀, ó yí i síwájú sẹ́yìn. "Ó lè jẹ́ bọ́tìnnì ni mo rí," ló wí. Ó gbé e padà lé Adájọ́ lórúnkún. "Pé bàbá kò fún ẹnikẹ́ni ní nǹkan kan rárá? Ẹnikẹ́ni?" Ẹ̀rín bọ́ lẹ́nu rẹ̀, ó rẹ́rìn-ín títí ó fi di ara àga mú. Ó sì fa àbúrò rẹ̀ mọ́ra, ó mú un jáde kúrò nínú yàrá náà.

Adájọ́ fi ẹ̀mú kékeré gbé owó náà fún Dókítà, bí ẹni tó ń gbé aáyán. "Ẹ mú ọmọ tí kò ní bàbá yín," ló wí. "Ẹ má sì padà wá mọ́."

*

Dókítà ló ni owó náà báyìí. Inú dúrọ́ọ̀ níbi iṣẹ́ ló wà, kò lè fi hàn, kò lè tà á. Ó gbé e fún ìyàwó rẹ̀ lọ́jọ́ kan, pé kó ṣe é bó ṣe fẹ́. Obìnrin náà ní, "Kí n fi ṣe kí ni?"

Kò kó jáde, ẹ má retí ìyẹn. Òun àti ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ti wá di kòríkòsùn. Ó ń kí ọkọ rẹ̀ káàárọ̀, ó ń gbé oúnjẹ fún un, ó ń bá a rìn níta. Ṣùgbọ́n tí Dókítà bá ní òjò ń bọ̀, á lọ yọjú lójú fèrèsé. Tó bá ní òun ti jẹun níbi iṣẹ́, á béèrè pé, "Ta lẹ bá jẹun?" Tó bá ní aṣọ tó wọ̀ yẹ ẹ́, á lọ béèrè lọ́wọ́ dígí.

Nírọ̀lẹ́ ọjọ́ kan, ó ń fọ abọ́, ó sì ń kọrin lábẹ́lẹ̀, bó ti máa ń ṣe láti ọjọ́ tí wọ́n ti fẹ́ra. Dókítà dúró tì í, ó ń fi aṣọ nu àwọn abọ́ náà. Ibẹ̀ ló ti rántí.

Lọ́jọ́ tó lọ sí ọsibítù, bàbá kọjú sí ògiri, kò dá a lóhùn. Nígbà tí Dókítà dìde pé òun ń lọ, bàbá sọ̀rọ̀ láìyíjú. Ó ní, "Ṣé ó ṣì máa ń kọrin tó bá ń fọ abọ́?" Dókítà ní, "Bẹ́ẹ̀ ni, sà." Bàbá ní, "Hùn." Ó tán.

Kò sọ ọ́ fún ìyàwó rẹ̀ nígbà náà. Ó kéré jù lójú rẹ̀. Kò sí àforíjì níbẹ̀, kò sí ìdágbére, kò sí nǹkan tí ènìyàn lè gbé délé. Nígbà tó wá ń wá ọ̀rọ̀ tí yóò fi sẹ́nu bàbá, kò tiẹ̀ wá sí i lọ́kàn pé bàbá ti sọ tirẹ̀.

Ó sọ ọ́ fún un báyìí. Ó sọ ọ́ bó ṣe ṣẹlẹ̀, kò fi kún un, kò yọ kúrò.

Ọwọ́ obìnrin náà dúró nínú omi.

"Ta ló wà níbẹ̀?"

"Èmi àti bàbá nìkan."

"Nọ́ọ̀sì ńkọ́?"

"Nọ́ọ̀sì ti jáde."

Ó yíjú sí i. Dókítà ní òun rí i pé ó fẹ́ gba ọ̀rọ̀ náà gbọ́. Ó ní ó ń wá nǹkan lójú òun. Lẹ́yìn náà, kò wá a mọ́.

"Ẹ ń gbọ́ orin mi lójoojúmọ́, Dókítà," ló wí. "Ohun tí ẹ mọ̀ lẹ fi sí i lẹ́nu."

"Mo búra..."

"Ẹ má búra. Ó dùn jù."

Ó kọjú sí abọ́ rẹ̀. Ó fọ gbogbo wọn tán, kò kọrin mọ́.